Funfun Òwú àti Funfun Ọṣẹ: Ọ̀ràn Èròjà tí ń Mú Aṣọ Tàn ní Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Àwọ̀ mẹ́ta ni èdè Yorùbá fi ṣe ìpìlẹ̀: funfun, pupa àti dúdú. Àwọn àwọ̀ yòókù a máa yá orúkọ lò lọ́wọ́ nǹkan mìíràn, bí ewé, bí aró, bí àlùkò, bí eérú. Ìdí nìyí tí agboolé funfun fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Funfun ni ẹfun, funfun ni òwú, funfun ni eyín, funfun ni ewú orí àgbà, síbẹ̀ kò sí méjì nínú wọn tí ó dọ́gba bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, yóò fi ọ̀rọ̀ kún un, yóò ní nǹkan náà funfun báláú. Ṣùgbọ́n láyé àwọn baba ńlá wa, ta ni ó jẹ́ wo òwú tí ó là lórí igi kí ó sọ pé kò funfun tó?

Nísinsìnyí a ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣí àpótí ìyá àgbà kan ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n tàbí ní Ìdóàní, tí a mú kíjìpá funfun tí a fi òwú ọwọ́ hun jáde, tí a sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ gínì funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, kíjìpá náà yóò dà bí ohun tí eruku ti bò. Ọmọ ilé yóò ní, "Ìyá, aṣọ yín yìí ti pọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́." Yóò rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Omo, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é. Bí aṣọ náà bá gbẹ, yóò funfun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun tí òwú náà bá wá sáyé mọ́. Ohun kan ti wọ inú fọ́nrán rẹ̀ tí kò ní í jáde bọ̀rọ̀, aṣọ náà kò sì ní í padà sí bí ìyá tí ó hun ún ti fi í sílẹ̀.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó wọ inú aṣọ yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ aṣọ náà. Aṣọ híhun ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀ghọ̀ ní ẹnu tiwọn, iṣẹ́ obìnrin ni. Òfì tí wọ́n ń lò jẹ́ èyí tí a gbé nàró, tí ahunṣọ jókòó síwájú rẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń lò ní Ìsẹ́yìn láti hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ. Aṣọ òfì obìnrin a máa fẹ̀, a sì máa nípọn; ìdá díẹ̀ péré ni a óò rán pọ̀ kí ó tó di ìró odindi. Nínú àwọn aṣọ tí òkìkí Ọ̀wọ̀ fi kàn ni àṣígbò wà, èyí tí í ṣe aṣọ àwọn olóyè. Láyé àtijọ́, ìyá ahunṣọ a gbọn òwú, a ran án, a gbé apá kan fún aláró, a sì fi apá kejì sílẹ̀ ní funfun rẹ̀. Funfun yìí ni aró gbé ara lé kí ilà rẹ̀ tó hàn. Nígbà tí òwú ẹ̀rọ dé, ó gba ipò òwú ọwọ́ ní ibi púpọ̀, nítorí pé kò sí wàhálà ríran nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ òwú ọwọ́ ṣì wà nínú àpótí.

Kò yẹ kí a fojú kékeré wo àwọn àpótí wọ̀nyí. Ní ọdún 1971 ni Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Làjà ní Ọ̀wọ̀, tí ó rí àwọn ère amọ̀ sísun tí a kà sí iṣẹ́ bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Amọ̀ tí a ti sun nínú iná lè wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Òwú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; òjò, ikán àti kòkòrò tí a kò lè fojú rí yóò jẹ ẹ́ tán kí ìran mélòó kan tó kọjá. Ohun tí ó bá kù fún wa láti fi mọ bí funfun àwọn ìyá ahunṣọ ti rí, inú àpótí ni ó wà, kì í ṣe inú ilẹ̀.

Fọ́nrán òwú kan, bí a bá yọ omi kúrò lára rẹ̀, bí ìpín mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni nǹkan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́lúlóòsì. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni sẹ́lúlóòsì, àwọn ìdì kéékèèké inú ẹ̀wọ̀n náà sì jẹ́ irú ṣúgà kan tí a ń pè ní gúlúkóòsì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó so kọ́ra. Ohun kan náà ni ó wà nínú aṣọ ọ̀gbọ̀, nínú igi àti nínú ìwé tí a ń kọ nǹkan sí. Ìyókù lára òwú tútù ni ọ̀rá bí ìda, ohun tí ó ń fà bí oje, àti eérú díẹ̀. Sẹ́lúlóòsì fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀. Àwọn nǹkan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn ni ó ń fún òwú ní àwọ̀ wàrà tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Bí aṣọ sì ti ń dàgbà, ooru, òógùn ara, òróró àti afẹ́fẹ́ yóò fi tiwọn kún un. Kànga tí ìpẹtà irin bá pọ̀ nínú omi rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí aṣọ funfun sinmi.

Kí ni pípọ́n yìí gan-an? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó dà bí ẹni pé kò ní àwọ̀, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá dá gbogbo wọn padà ní ìwọ̀n kan náà ni ojú ń pè ní funfun. Òwú ń dá èyí tí ó pọ̀ jù padà, ṣùgbọ́n ó ń dì díẹ̀ mú nínú àwọ̀ aró. Ìmọ́lẹ̀ tí ó padà wá sí ojú wa kò ní aró tó, àìtó aró náà ni a sì ń rí bí pípọ́n. Kò sí ohun pupa kan tí ó wà lórí aṣọ náà bí ẹni fi osùn pa á. Gbèsè ni, aró ni ó sì jẹ.

Ọ̀nà àtijọ́ láti fi san gbèsè yìí ni kí a mú ohun tí ń di aró mú kúrò. Ọṣẹ dúdú, tí a fi omi eérú àti òróró sè, a máa yọ ọ̀rá kúrò lára òwú dáadáa. Oòrùn àti ìrì a sì máa bá a ṣe ìyókù bí a bá tẹ́ aṣọ tútù sórí koríko. Àwọn òyìnbó pẹ̀lú, orí koríko ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ wọn sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí di ìgbà tí Berthollet, ará Faransé, fi hàn ní 1785 pé afẹ́fẹ́ kílóríìnì lè ṣe iṣẹ́ náà láàrin wákàtí mélòó kan. Ní 1799 ni Charles Tennant ní Síkọ́tíláńdì gba àṣẹ láti máa ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀ tà. Ọmọ-ọmọ ìyẹ̀fun yìí ni jíìkì tí ó wà nínú ike ní ilé gbogbo lónìí. Àléébù rẹ̀ kò fara sin: kò mọ ibi tí ìdọ̀tí parí sí. Bí ó bá ti jẹ ohun tí ó pọ́n tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlóòsì, aṣọ yóò sì máa ya bí ìwé.

Ọ̀nà kejì ni búlúù. Kò sí ẹni tí ó ti tó ọgọ́ta ọdún ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ tí kò mọ ìdì búlúù kékeré tí a ń wé sínú àkísà, tí a ń jù sínú omi ìfinálẹ̀ pẹ̀lú sítáàṣì. Ilé-iṣẹ́ Reckitt ti ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, kò dúró sórí aṣọ nìkan: àwọn oníbejì fi í kun irun orí ère ìbejì wọn, ó sì ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ère náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí búlúù ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò fi aró kún ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ ń dá padà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba díẹ̀ lára àwọn àwọ̀ yòókù, kí gbogbo wọn lè kéré bákan náà. Ó dà bí ẹni tí ó rí i pé ọmọ kan nínú ilé kò yó, tí ó wá bu oúnjẹ kúrò nínú àwo àwọn tó kù kí ìjà lè tán. Ìjà a tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé ti dín kù. Aṣọ tí a fi búlúù sí kò pọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dín; bí búlúù bá sì pọ̀ jù, yóò rí bí eérú.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Èròjà inú rẹ̀ kì í yọ ìdọ̀tí, kì í sì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó ń mú ìmọ́lẹ̀ wá láti ibi tí ojú ènìyàn kò dé. Nítorí náà a lè pè é ní amáṣọtàn.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa mọ̀ nípa kíkorò rẹ̀: kúnáìnì, oògùn ibà. Bí a bá po kúnáìnì mọ́ omi nínú ìgò tí ó mọ́, tí a gbé e sínú oòrùn, omi náà yóò ní ìmọ́lẹ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aró kankan nínú rẹ̀. Ní ọdún 1852 ni George Stokes, olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, lẹ́yìn àwọ̀ àlùkò tí òṣùmàrè parí sí, ìtànṣán mìíràn ṣì wà tí ojú kò rí. Kúnáìnì ń gba ìtànṣán yìí, ó sì ń dá a padà ní àwọ̀ aró tí ojú ń rí. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá fẹ́ fi ojú ara wọn rí i, omi tóníìkì inú ìgò tí a ń tà lọ́jà ní kúnáìnì díẹ̀ nínú.

Ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kí ẹnìkan tó ronú láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára aṣọ. Ní 1929, Paul Krais ní ilẹ̀ Jámánì mú oje èèpo igi kan tí ń hù ní Yúróòpù, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní horse chestnut, ó fi í sára aṣọ ọ̀gbọ̀ àti ti sẹ́lúlóòsì tí a fi ẹ̀rọ ṣe, ó sì rí i pé wọ́n funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ó wà nínú èèpo náà kò lè dúró pẹ́. Oòrùn pa á, omi sì fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ọdún 1940 ni ilé-iṣẹ́ IG Farben ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n dá ṣe nínú ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n pè ní Blankophor, èyí tí ó lè di òwú mú. Nígbà tí ogun 1939 sí 1945 parí, àwọn aṣọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ ọṣẹ lẹ́búlẹ́búlẹ́bú wọn. Kò pẹ́ tí ìpolówó ọjà fi gba orí rédíò àti ìwé ìròyìn pé ọṣẹ kan ń fọ aṣọ funfun ju funfun lọ. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín pé àsọdùn oníṣòwò ni.

Kì í ṣe àsọdùn, òtítọ́ ni, àfi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ni a ń pè ní nánómítà, òun sì ni a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ojú ènìyàn ń rí láti bí 400 títí dé bí 700. Amáṣọtàn ń gba ìtànṣán tí ó wà láàrin bí 340 sí 380, níbi tí ojú kò dé, ó sì ń dá a padà ní nǹkan bí 430 sí 450, èyí tí í ṣe aró. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè yóò tètè lóye rẹ̀. Àlejò kan mú owó ilẹ̀ òkèèrè wá sí ọjà tí kò sí ẹni tí yóò gbà á. Aṣẹ́wó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ èrè tirẹ̀ kúrò, ó sì fún un ní náírà tí gbogbo ọjà ń ná. Èrè tí amáṣọtàn ń yọ a máa di ooru díẹ̀ tí aṣọ kò tilẹ̀ mọ̀ lára. Nípa báyìí, aró tí ń jáde láti ara aṣọ náà lè pọ̀ ju aró tí ó wọlé sí i lọ. Gbèsè tí òwú jẹ ti san, ó tilẹ̀ lé. Báyìí ni aṣọ kan fi ń funfun ju funfun lọ.

Ohun méjì ni ó tẹ̀lé èyí, tí àwọn tí ń ra aṣọ ní Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀ lè dán wò láìná kọ́bọ̀. Èkíní ni pé ibi tí ìtànṣán rékọjá-àlùkò kò bá sí, amáṣọtàn kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, gẹ́gẹ́ bí aṣẹ́wó ti í jókòó lásán bí àlejò kò bá wá. Gínì tí ń dán lójú oòrùn ọ̀sán yóò pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú dídán rẹ̀ bí a bá gbé e wọ inú yàrá tí fìtílà elépo ń tàn, tàbí lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn gílóòbù tuntun tí kò jẹ iná púpọ̀. Èkejì ni pé ibi tí ìtànṣán náà nìkan bá wà, amáṣọtàn yóò máa tàn bí ẹyinná aró. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì fi ń wo owó. Ìwé tí a fi ń ṣe owó, òwú ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a kò sì í fi amáṣọtàn sí i, kí ó lè ṣókùnkùn lábẹ́ iná náà, kí àmì inú rẹ̀ nìkan máa tàn. Ẹ wá wo ọ̀ràn ẹni tí ó gbàgbé ẹgbẹ̀rún náírà kan sínú àpò ṣòkòtò, tí ìyàwó rẹ̀ sì fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ̀ ọ́. Òwú inú ìwé owó náà gba amáṣọtàn bí òwú ṣòkòtò ti gbà á. Bí ó bá dé báǹkì, odindi rẹ̀ yóò máa tàn bí ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni owó gidi ni.

Èéṣe tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ òwú tó báyìí? Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ọṣẹ jẹ́ ti ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní stilbene. Mólékù rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó. Ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlóòsì náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀já. Bí pákó bá sùn lé ọ̀já, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ni wọn yóò ti fi ọwọ́ kan ara wọn, ìfarakanra kọ̀ọ̀kan kò lágbára, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ aró òde òní ṣe ń di òwú mú, nítorí náà kò ṣì bí a bá pe amáṣọtàn ní aró tí kò ní àwọ̀. Iyọ̀ nínú omi a máa ràn án lọ́wọ́ láti kúrò nínú omi kí ó wọ inú aṣọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń pa aṣọ láró òyìnbó ti mọ̀. Kì í di aṣọ pólíẹ́sítà mú bẹ́ẹ̀. Irú amáṣọtàn mìíràn ni a ń lò fún ìyẹn, inú ooru gbígbóná ni a sì ti ń fi í wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó wà nínú ọṣẹ kéré gan-an, kò tó ìdá kan nínú igba. Ṣùgbọ́n fífọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ kún un, aṣọ kì í sì í dá a padà. Bí ó bá wá pọ̀ kọjá ààlà, àwọn mólékù náà yóò máa dí ara wọn lọ́wọ́, aṣọ yóò sì ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ dípò kí ó funfun sí i.

Fún ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé, fún aṣọ nọ́ọ̀sì, fún súútànà àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kò sí ẹjọ́ nínú gbogbo èyí. Aṣọ náà ti ní amáṣọtàn lára láti ilé-iṣẹ́ tí ó ti jáde. Ohun tí ọṣẹ ń fi kún un kò ju àtúnṣe lọ. Ìmọ̀ràn díẹ̀ tó fún ẹni tí ń fọ̀ ọ́. Kí ó má ṣe da jíìkì àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ amáṣọtàn ni kílóríìnì ń bà jẹ́, bí irin bá sì wà nínú omi kànga, jíìkì yóò sọ ọ́ di ìpẹtà lára aṣọ. Kí ó ṣan aṣọ dáadáa. Kí ó má sì fi aṣọ tútù sílẹ̀ sínú oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́, nítorí oòrùn tí ń mú amáṣọtàn ṣiṣẹ́ náà ni ó ń pa á díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tí amáṣọtàn rẹ̀ bá ti kú a tún máa pọ́n. Kí ó sì rántí pé aṣọ tí ń tàn lè ní ìdọ̀tí lára síbẹ̀. Àìsàn kì í wo dídán aṣọ kí ó tó sá.

Orí òwú ọwọ́ ni ẹjọ́ wà. Àwọ̀ wàrà ara rẹ̀ kì í ṣe àbàwọ́n, ara ohun tí ó jẹ́ ni. Ilà aró inú rẹ̀ ni a yàn láti bá àwọ̀ wàrà náà gbé; bí a bá sọ wàrà di funfun báláú, ilà náà yóò le lójú ju bí ahunṣọ ti pète lọ. Sányán tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Ṣẹ́dà ìgbẹ́ ni, gbogbo iyì rẹ̀ sì wà nínú àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ní; ohun tí ń tàn bí aró kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti ń wọ àwùjọ àwọn ahunṣọ fúnra wọn. Ẹni tí ó wá ra aṣọ yóò ní, "Ìyá, òwú yín kò funfun." Ìyá náà kò ní ohun tí yóò fi jà, nítorí ojú rẹ̀ pẹ̀lú rí i pé gínì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun jù. Òwú ẹ̀rọ tí a ti fi amáṣọtàn sí ni yóò rà nígbà mìíràn. Bí òṣùwọ̀n bá yí padà, ohun tí ó péye lánàá a di àìpé lónìí láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí ń tọ́jú aṣọ àtijọ́ ní àwọn ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kì í jẹ́ kí ọṣẹ tí ó ní amáṣọtàn kan wọn. Ọ̀wọ̀ ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ láti 1968, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó pọ̀ jù ní agbègbè náà wà ní ọwọ́ àwọn ìdílé, àwọn ni olùtọ́jú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ohun púpọ̀: omi òjò tí ó mọ́, ọṣẹ tí kò ní amáṣọtàn nínú, ìwọ̀n díẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, àti ibòji láti fi sá a. Kí ó kọ́kọ́ fi omi kan etí ibi tí a pa láró, kí ó wò ó bóyá aró náà yóò ṣí. Ara páálí ọṣẹ ni a óò ti wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí páálí kò bá sọ ọ́, iná báǹkì yóò sọ ọ́: kí a bu ọṣẹ náà díẹ̀, kí a tan iná sí i nínú òkùnkùn.

Omi tí a fi fọṣọ náà ní ibi tí ó ń lọ. Ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ fún wa nípa Ọ̀rọ́nsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ̀ngẹ́jẹ̀n, ẹni tí a ń fi ọdún Igógo rántí ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, pé ọ̀kan nínú èèwọ̀ rẹ̀ ni kí a má ṣe da omi sí àgbàlá. Kì í ṣe nítorí ọṣẹ ni ó ṣe kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ì bá ní ohun púpọ̀ láti sọ bí ó bá rí àgbàlá òde òní. Àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi kì í lè jẹ amáṣọtàn bọ̀rọ̀. Oòrùn ń fọ́ apá kan rẹ̀, ìyókù a máa rì sínú ẹrẹ̀. Àyẹ̀wò tí a ti ṣe kò fi í hàn bí ohun tí ń pa ènìyàn lára, nítorí náà kò yẹ kí a dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́rìí. Àwọn tí ń ṣọ́ odò ní ilẹ̀ òkèèrè a máa so òwú tútù, tí kò ní amáṣọtàn lára, sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tí ó ń tàn lábẹ́ iná, wọ́n mọ̀ pé omi ìfọṣọ àti omi ilé ìgbẹ́ ń ṣàn wọlé ní ibì kan. Olùkọ́ tí ó wà létí odò Ọ̀sẹ̀ àti àwọn ìṣàn tí ń wọ inú rẹ̀ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ fún kíláàsì rẹ̀, bí ó bá rí òwú tí ó là lórí igi lò. Òwú inú páálí ilé ìtajà oògùn lè ti ní amáṣọtàn tẹ́lẹ̀. Kí ó tan iná sí i kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Iná kan náà wúlò fún ẹni tí ń ṣe ìwádìí lórí aṣọ. Ṣáájú nǹkan bí 1940, kò sí aṣọ kankan ní ayé tí ó ní irú amáṣọtàn yìí lára. Bí a bá sọ pé aṣọ kan ti wà ṣáájú àkókò náà, tí gbogbo ara rẹ̀ sì ń tàn bákan náà, ó lè jẹ́ pé ọmọ ilé ni ó fọ̀ ọ́. Dídán nìkan kò tó láti sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn fọ́nrán kan ni ó ń tàn tí àwọn ẹ̀gbẹ́ wọn sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, nítorí omi ọṣẹ kì í yan òwú funfun kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ahunṣọ ni ó da òwú ẹ̀rọ tuntun pọ̀ mọ́ òwú ọwọ́. Nígbà náà a lè ka ilà kọ̀ọ̀kan, kí a mọ èyí tí ìyá náà ran lórí kẹ̀kẹ́ àti èyí tí ó rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kà á kí ẹnikẹ́ni tó bá a fọ̀ ọ́.